Ìwé Kékeré Tó Mọ Orúkọ Àwọn Ẹyẹ

Ẹni tí ẹ ń fura sí yẹn náà ni. Ọ̀mọ̀wé Onítáì ló jí i. Ọkùnrin tó ń so táì mọ́rùn nínú ooru, tó sì ń fọwọ́ tọ́ ìwé orí tábìlì onítábìlì kó lè gún régé, ta ni kò ní fura sí i? Bí wọ́n ṣe mú un ló ṣòro.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó mú un, Arínúróde làwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kò sọ fún wọn rí pé orúkọ náà ti pọ̀ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n pè é sí ọ́fíìsì ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì, ó ní ẹjọ́ náà kò ní gbà ju wákàtí kan lọ. Ó wá gbójú sókè. Ìwé ni láti ilẹ̀ dé àjà, ìwé àfọwọ́kọ, iṣẹ́ ogún ọdún.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ gbogbo èyí, Mà?"

"Èmi nìkan ni," ni ìyá náà wí. "Báńkì tó ní òun kì í gba èlé ni mò ń wádìí. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní owó ò gbọdọ̀ jókòó kó máa bímọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń sọ pé òwò yìí mọ́, tọ̀hún ò mọ́? Ta ló sì gbé onítọ̀hún sórí àga? Ibẹ̀ ni ìṣèlú wà."

Ó ṣe Arínúróde bí ẹni tó ti ń gbé ilé kan fún ogójì ọdún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ hàn án. Ó ṣí fìlà.

"Kí ló wá sọnù, Mà?"

"Ìwé kékeré kan. Òṣìṣẹ́ báńkì mẹ́tàdínlógún ló tú àṣírí fún mi. Orúkọ ẹyẹ ni mo fi pè wọ́n nínú ìwé wọ̀nyí: Àṣá, Lékeléke, Ẹ̀gà. Ìwé kékeré yẹn nìkan ló mọ ẹni tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Mo ti búra fún wọn. Bórúkọ wọn bá jáde, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn."

Arínúróde pe ìyá agbálẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́."

"Èmi àti Onítáì tó ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́. Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa pa làpálàpá, ọmọ mi. Kí ni n ó fìwé ṣe, ṣé ó ṣeé sè ni? Àmọ́ eruku òkè yẹn, tí ọwọ́ mi ò tó láti èṣí, ẹnì kan ti bá mi nù ún."

Arínúróde gun àga. Lóòótọ́ ni: olè ti kó gbogbo ìwé sílẹ̀, ó sì ti tò wọ́n padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kò ṣi ọ̀kan.

"Báwo lẹ ṣe ń tò wọ́n, Mà?"

"Oṣù tí wọ́n ń fi òṣùpá kà ni. Òun làwọn oníbáńkì yẹn fi ń ka ọdún sàká."

Onítáì wọlé, ó rẹ́rìn-ín. "Sà, èmi ò mọ oṣù wọn kankan. Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ̀ ni tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi," ni Arínúróde wí, ó sì fi ìgúnpá gbá ìwé mẹ́jọ dà sílẹ̀. "Háà! Ẹ má bínú. Iṣẹ́ olùkọ́ yìí ńkọ́, ṣé wọ́n ń sanwó dáadáa?"

Onítáì ń ráhùn nípa owó oṣù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣa ìwé. Kò lè rí ohun tó fọ́n ká kó fi í sílẹ̀. Ó ń tò wọ́n bọ̀: Rájábù, Ṣàbáánì, Ràmàdáánì, Ṣawáàlì. Ọwọ́ náà dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀mọ̀wé."

Ìwé kékeré náà wà nínú báàgì rẹ̀. "Àga kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń sọ òwò tó mọ́ ni báńkì ṣèlérí fún mi," ló wí, omijé lójú. "Mi ò tíì fún wọn níwèé náà."

"Olè gidi ìbá fọ́n ìwé ká," ni Arínúróde ṣàlàyé fún gbogbo ilé. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n tò nìkan ló lè tò ó, ẹni tó sì ní òun ò mọ̀ ọ́n ló ń purọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́. "Ẹ fún mi níwèé mi."

"Ẹ̀rí ni, Mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Arínúróde kọ ìròyìn tó dára jù láyé rẹ̀. Kò fo nǹkan kan: ẹyẹ mẹ́tàdínlógún, orúkọ mẹ́tàdínlógún, ó dà wọ́n kọ lẹ́sẹẹsẹ. Òfin ní kí lọ́yà ẹni tí wọ́n mú gba ẹ̀dà kan, lọ́yà Onítáì sì wá gbà á kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Báńkì ló gba lọ́yà náà fún un.