Ẹni Tó Túmọ̀ Kásẹ́ẹ̀tì Kejìlá

N kò fi iyọ̀ kún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní Ẹdẹ, ní ilé kan lójú ọ̀nà Sekona. Ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òru tí oorun lè máa da ojú ẹni rú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ bi wọ́n léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò sọ, àfi níbì kan ṣoṣo, a ó sì dé ibẹ̀.

Sàrátù aránṣọ ni ọ̀rọ̀ náà dé bá. Ọkọ rẹ̀, Ràṣídì, ti bá àwọn ará Kòríà ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà lókè lọ́hùn-ún, ní Gongola, níbi tí wọ́n ti ń la títì gba inú igbó. Típà ló ń wà, òkúta ló fi ń kó. Kò dá lọ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bámidélé, ni wọ́n jọ kúrò ní Ẹdẹ lọ́jọ́ kan náà.

Ràṣídì nìkan ló padà. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba tí iṣẹ́ títì náà dáwọ́ dúró, ó dé tòun ti àpótí ńlá kan. Ẹ̀rọ fídíò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì méjìlá tí ọ̀gá rẹ̀ fún un. Ó ní Bámidélé ti kúrò ní àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣáájú òun, pé ó bá àwọn oníṣòwò sọdá sí Gàrúwà ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, pé iṣẹ́ tó sàn ń bẹ níbẹ̀. Fèyísọ́lá, ìyàwó Bámidélé, gbà á gbọ́. Tíṣà ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń lọ, kì í ṣe obìnrin aláriwo. Kí ni ì bá sì ṣe? Ọ̀rẹ́ ọkọ ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń fura sí. Ọdún méjì kọjá. Lẹ́tà kan kò dé.

Àwọn ọdún náà le. Nítorí páálí ọṣẹ kan, ènìyàn a tò láti àárọ̀, sọ́jà a sì máa fi kòbókò tọ́ ìlà sọ́nà. Ìgbádùn kan ṣoṣo tó kù ní agboolé náà ni kásẹ́ẹ̀tì Ràṣídì. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun alásàrí, wọn a wo ẹyọ kan. Eré ọba ayé àtijọ́ àwọn Kòríà ni. Wọ́n lé olorì kan kúrò láàfin, ó ń jìyà káàkiri, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì sì ń tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò lè pe orúkọ wọn, nítorí náà wọ́n fún wọn lórúkọ àlàjẹ́. Olorì ni Arẹwà. Ẹ̀ṣọ́ kan ni Ojú-Tútù, èkejì ni Abirùngbọ̀n. Ràṣídì, tó ti gbọ́ èdè náà díẹ̀díẹ̀ ní àgọ́, a jókòó sórí àga onígi kan lẹ́yìn wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, a sì máa túmọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kan dé èkejì, àríyànjiyàn nípa ẹni tí yóò kú tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ń gbé kiri.

Ọjọ́ kásẹ́ẹ̀tì kejìlá, tó jẹ́ ìkẹyìn, òjò ti ṣú láti àárọ̀. Àwọn mẹ́ta ló jókòó síwájú: Sàrátù, Fèyísọ́lá, àti Ìyá Fàtímọ̀, arúgbó ojúlé kejì. Wọ́n wò ó díẹ̀, NẸ́PÀ mú iná lọ. Ràṣídì dìde, ó ní òun ń lọ tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n dúró nínú òkùnkùn òjò. Wọ́n gbọ́ tí ẹ̀rọ náà wúkọ́, tó sì gbé ohùn. Iná padà dé. Eré ń bá a lọ.

Ìlẹ̀kùn dún díẹ̀. Àga ẹ̀yìn náà dún bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó. Ohùn ìtumọ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wẹ̀yìn. Kí ni wọ́n fẹ́ wẹ̀yìn ṣe? Ohùn Ràṣídì ni.

Ó túmọ̀ fún wọn bí ọba ṣe ránṣẹ́ pe Arẹwà padà. Ó túmọ̀ ẹkún ìyá ọba. Lẹ́yìn náà ni àwòrán kan wá, Ojú-Tútù àti Abirùngbọ̀n dúró lábẹ́ òrùlé kan, ẹṣin funfun kan wà láàárín wọn, òjò ń rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó wà lẹ́yìn sọ púpọ̀.

"Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kúrò nílé. Òjò rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Ọ̀kan ṣubú sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́. Èkejì dúró, ó ń wò ó. Kò pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n da òkúta sínú kòtò náà. Èkejì gbé àpótí rẹ̀, ó lọ bá ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ti sọdá ààlà."

Sàrátù kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó burú níbẹ̀. Arẹwà ti ń wọ ààfin, aago ńlá kan ń dún, Ìyá Fàtímọ̀ sì ti ń fi ìborùn nu ojú. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n ti ń bá obìnrin yìí jìyà. Sàrátù náà sunkún. Arẹwà jókòó sórí àpèrè rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló parí sí.

Fèyísọ́lá nìkan ni omi kò jáde lójú rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó fi orúkọ ọmọ Ràṣídì pè é, jẹ́ẹ́.

"Bàbá Teslim, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn sọ."

Ẹ̀rọ ń dún lẹ́yìnkùlé. Òjò ń rọ̀ sórí páànù.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wẹ̀yìn pa pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sí lórí àga.

Kò pẹ́ tí ìlẹ̀kùn ṣí. Ràṣídì ló wọlé. Ó tutù láti orí dé ẹsẹ̀, òróró dúdú wà ní gbogbo ìka rẹ̀. Ó ní ibi tí epo ń gbà wọ inú jẹnẹrétọ̀ ti jò, pé òun ní láti máa fi ìka dí i kó má baà kú, pé láti ìgbà tí òun ti jáde lòun ti wà ní ìnàró nínú òjò, kó tó di pé òun rí àkísà fi dí i.

"Ṣé ó ti parí ni?" ló bi wọ́n. "Ta ló kú?"

Sàrátù rò pé àwàdà ni. Ó dìde, ó lọ sídìí àga náà, ó fi ọwọ́ kàn án. Ó gbẹ. Bí Ràṣídì bá ti jókòó sí i pẹ̀lú aṣọ yẹn, yóò tutù. Ṣùgbọ́n ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àga tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún Ràṣídì. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà, ó tẹtí sí ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ti ń sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ẹṣin ni. Ẹṣin náà ń tiro. Ọ̀kan ní kí wọ́n má gùn ún, èkejì ní kò sí òmíràn. Ó tán. Fèyísọ́lá ń wò ó lẹ́nu bó ti ń sọ ọ́. Obìnrin náà kí wọn pé ó dàárọ̀, ó sì bọ́ sínú òjò. Ìyá Fàtímọ̀ náà lọ, kò sì tún fẹsẹ̀ tẹ pálọ̀ yẹn mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Sàrátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ṣọ́ bó ṣe ń jẹun. Ó ṣọ́ bó ṣe ń ṣe àlùwàlá. Bó bá ń rán aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a dúró lórí ẹ̀rọ, etí rẹ̀ a sì wà lọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Ó ti bá a gbé fún ọdún mẹ́tàlá, kò sì mọ ìgbà kan tó pa irọ́ ńlá fún òun. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà nínú mẹ́tàlá yẹn, kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ti ń mu ẹ̀kọ àárọ̀, Sàrátù ní kí ọkọ rẹ̀ tún sọ fún òun bí Bámidélé ṣe kúrò ní àgọ́.

Ràṣídì ní òun ti sọ ọ́. Sàrátù ní kó tún un sọ. Ràṣídì ní ìdájí ni, pé Bámidélé gbé ẹrù rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdókọ̀.

"Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò lẹ sọ fún wa tẹ́lẹ̀," ni Sàrátù wí. "Ẹ ní ó wá gbé e nínú àgọ́, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀."

"Ó ti pẹ́. Mo ti gbàgbé díẹ̀."

"Ṣé ẹ fojú rí i nígbà tó ń lọ?"

Ràṣídì gbé ife ẹ̀kọ kalẹ̀. "Sàrátù, ìwọ náà?"

Ó dìde, ó bọ́ síta, ẹ̀kọ rẹ̀ ṣẹ́ kù nínú ife.

Fèyísọ́lá ní tirẹ̀ ti gba ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ. Kẹ́hìndé lorúkọ ọkùnrin náà, káfíńtà ni ní Òkè Gádà. Ó ti bá ọkùnrin ará Kòríà kan tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Òṣogbo kan kọ́bọ́ọ̀dù rí. Ó lọ bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà gbà, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ èdè òun gbẹ̀yìn.

Òwúrọ̀ Sátidé ló wá. Oòrùn ràn, iná NẸ́PÀ wà, jẹnẹrétọ̀ kò dún. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba fún gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, díẹ̀díẹ̀, Fèyísọ́lá ló sì ń bá àwọn yòókù túmọ̀ rẹ̀. Kẹ́hìndé ní kí Ràṣídì wá jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an, níbi tí gbogbo wọn yóò ti máa rí ẹnu rẹ̀. Ràṣídì ṣe bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Àga onígi náà ṣófo lẹ́yìn. Kẹ́hìndé tilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti kásẹ́ẹ̀tì kejìlá bọ ẹ̀rọ. Àjèjì náà rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí aṣọ àwọn ìjòyè. Ibi ẹṣin dé. Ó tẹtí. Ó ní àwọn méjèèjì ń sọ pé ẹṣin náà ń tiro.

Sàrátù mí kanlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò parọ́. Òótọ́ ló túmọ̀. Ó wo ojú Fèyísọ́lá, ó fẹ́ kó rí i pé òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n àjèjì náà ti yíjú padà sí ìlẹ̀kùn. Ó tún kọjú sí eré. Ó tún wẹ̀yìn. Ó tẹ̀ sí etí Fèyísọ́lá, ó sọ nǹkan kan fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Fèyísọ́lá kò kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀. Kẹ́hìndé bi í kí ló wí.

"Ó ní ká bá òun bẹ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa, kó rọra, kí òun lè gbọ́ eré."

Sàrátù tẹtí sílẹ̀ títí tí etí rẹ̀ fi ń hó. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo Ràṣídì. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

Kẹ́hìndé pa tẹlifíṣọ̀n. Fèyísọ́lá bi àjèjì náà ní ohun tí ẹni ẹ̀yìn náà ń sọ. Ọkùnrin náà ní òun kò gbọ́ Yorùbá, ó sì ti dákẹ́ báyìí. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń padà wá lẹ́nu rẹ̀ ṣáá. Ó gbìyànjú láti pè é.

"Ọ-kọ."

Ó pè é pẹlẹbẹ, bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò lámì. Fèyísọ́lá ní kó tún un pè. Ó tún un pè, ohùn rẹ̀ lọ sókè lẹ́yìn. Kẹ́hìndé ní kó tún un pè. Ó wálẹ̀. Sàrátù fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó ní gbogbo rẹ̀ jọ ara wọn létí òun.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti yà títí dòní. Fèyísọ́lá ní ọkọ ni, pé ọkọ òun ló ń fi ara rẹ̀ hàn òun. Kẹ́hìndé ní ọkọ́ ni, ọkọ́ tí wọ́n fi gbẹ́lẹ̀. Sàrátù kò sọ tirẹ̀ síta. Ọkọ̀ ló gbọ́. Típà òkúta ló sì rí lójú ọkàn rẹ̀, tó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu kòtò.

Kẹ́hìndé rìnrìn àjò lọ sí Gongola nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ó bá títì náà, ó gùn ju ohun tí ojú lè rí lọ, ọkọ̀ ń kọjá lórí rẹ̀. Ta ni yóò sọ ibi tí wọn yóò hú? Ó padà. Fèyísọ́lá kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kò sì lọ́kọ mìíràn. Ràṣídì ṣì wà nílé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kírun, wọn kì í sọ ọ́.

Sàrátù ti gbà pé òun kò ní mọ ẹni tó jókòó sórí àga ọjọ́ yẹn. Nǹkan mìíràn ni kì í jẹ́ kó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀ sùn. Nígbà tí àjèjì náà pe ọ̀rọ̀ yẹn, Fèyísọ́lá béèrè èwo ni nínú ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Kẹ́hìndé béèrè. Òun náà béèrè.

Ràṣídì kò béèrè.