Àwọn Obìnrin Etí Adágún Chihami

Tawonga wà nínú adágún dé orúnkún, ó ń ṣan ẹja usipa nínú agbọ̀n, nígbà tí Khumbo kọ́kọ́ rí i. Oòrùn àárọ̀ ń dán lára omi tó ń ro lápá rẹ̀, Khumbo sì gbàgbé ohun tó fẹ́ bi í.

Olùwádìí ni Khumbo, ọ̀dọ́kùnrin ará ìlú Mzuzu ní Malawi. Àtọ̀sí ajá, àrùn inú omi tó ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, tó ń bá àwọn ọmọdé abúlé Chihami létí adágún náà jà ló gbé e wá. Nígbà tó rántí ìbéèrè rẹ̀, ó bi Tawonga pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ń wọ omi lójúmọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹrin tó wá bi wá bẹ́ẹ̀," ni Tawonga wí. "Ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó lọ, ó parí."

"Ká ní ẹ̀yin lẹ ń bèèrè ńkọ́?"

"Màá bèèrè ibi tí a ó ti máa fọṣọ, tí kò bá ní í ṣe ibí."

Khumbo pa ìwé rẹ̀ dé. Láti ọjọ́ náà, Tawonga àtàwọn obìnrin abúlé ló ń ṣèwádìí pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ló mọ̀ pé ìdí esùsú ni ìgbín omi tó ń gbé àrùn náà pọ̀ sí. Àwọn ló yan ibi tí wọ́n gbẹ́ kànga ìfọṣọ sí. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni ẹ̀fẹ̀ àárín Khumbo àti Tawonga ti di ìfẹ́.

Bàbá Tawonga kọ̀ jálẹ̀ pé Khumbo ò ní fẹ́ ọmọ òun. Ó ní ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ èèyàn lọ láìpadà yóò kó ọmọ èèyàn lọ bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí ìwádìí parí, ọ̀gá Khumbo ní kó yọ orúkọ àwọn obìnrin náà kúrò nínú ìwé. Khumbo ò gbà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì padà sábúlé, ó sì ka àbájáde rẹ̀ fún tọmọdé tàgbà ní Tumbuka, èdè abúlé náà, pẹ̀lú orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ti dín kù gan-an. Ìyá àgbà kan sunkún nígbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Bàbá Tawonga dìde. "Wọ́n ní o ò níṣẹ́ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí lo wá padà wá ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yìí ni, Bàbá. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Bàbá nawọ́ sí Tawonga. "Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i, a dúpẹ́ gan-an, la fi sọ ọ́ ní Tawonga, 'A dúpẹ́'. Lónìí, mo tún dúpẹ́. Ní káwọn ẹbí rẹ máa bọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Mo ń retí wọn."

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, wọ́n ṣègbéyàwó. Khumbo ti ríṣẹ́ olùkọ́ nílé ìwé abúlé. Tawonga bi í bóyá ó kábàámọ̀ iṣẹ́ ńlá tó pàdánù.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo pàdánù?" ni Khumbo wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.