Àjèjì Inú Omi

Gíláàsì ojú Kerttu tún ti ṣú. Ìgbà kẹsàn-án nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà. Bó bá ti mí síta, èémí gbígbóná á gba abẹ́ ìbomú rẹ̀ gòkè, á bo gíláàsì náà bí kùrukùru, kò sì ní rí àwọn ìgò tíntìntín tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Á jókòó, á máa retí kó mọ́. Bó bá mọ́ tán, á tún mí.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Kerttu, kíláàsì kẹsàn-án ló wà ní ìlú Kuopio. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ló ní kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ wá ibi tí yóò ti mọ bí iṣẹ́ ṣe ń rí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan lọ sí ọgbà àwọn ọmọ kéékèèké. Kerttu ní tirẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà á sí yàrá àyẹ̀wò kan, níbi tí wọ́n ti ń wá àmì àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn ṣì dá ṣáṣá. Àrùn yẹn ló pa ìyá àgbà rẹ̀ ní ìlú Rautavaara. Wọn ò tètè rí i. Oona, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tẹ̀ lé e lọ nítorí pé ibi tí Kerttu bá lọ ni òun náà ń lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún Kerttu kò le. Omi kan wà tí wọ́n ti sẹ́ títí tí kò fi ku ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Òun ni yóò máa fà á, tí yóò máa kán an sínú àwọn ìgò kéékèèké, tí yóò dé wọn, tí yóò sì kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sára àwo tí wọ́n tò wọ́n sí. Omi yìí làwọn òṣìṣẹ́ máa ń pò mọ́ DNA, àmì ìdánimọ̀ ara ènìyàn, tí wọ́n bá fà yọ nínú ẹ̀jẹ̀. Tuulikki, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó jẹ́ olórí yàrá náà, ti sọ òfin ibẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ kìíní.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ lórí ìgò tó ṣí sílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Itọ́ tó ń ta jáde lẹ́nu yín, ojú ò rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ló wà nínú rẹ̀. Bí ìbomú bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo àwo yẹn ti di ìdànù. Ẹ dà á nù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Kẹ́ ẹ ṣáà ti dà á nù."

Ọjọ́ Ẹtì yìí, gbogbo kíláàsì ti ṣàdéhùn láti pàdé lórí adágún Kallavesi ní aago méjì. Yìnyín ibẹ̀ ti le koránkorán, wọ́n sì ti gbá yìnyín rírọ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n á máa fi bàtà onírin yọ̀ lé. Aago kan ti lù. Àwo tó kẹ́yìn ló wà níwájú Kerttu, ó ku ìgò méjìlá péré. Gíláàsì rẹ̀ tún ṣú.

Ó wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ìbomú rẹ̀ wálẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n. Ayé mọ́ kedere. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó ń fà, ó ń kán.

Ibi tó dé nìyẹn tí Oona fi yọ orí lẹ́nu ọ̀nà.

"Kerttu, gbọ́ ohun tí bàbá yẹn sọ! Mo bi Raimo pé ṣé yìnyín máa rọ̀ lọ́la. Ó rò ó títí, ó mu kọfí sí i, ó wá ní, 'Ó lè rọ̀, ó sì lè má rọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe ọ̀kan, á ṣe ìkejì.'"

Ohùn Raimo, bàbá àgbàlagbà kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ni Oona fi sọ ọ́, gẹ́lẹ́ bí àwọn àgbà ilẹ̀ Savo, agbègbè wọn, ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Kerttu kó tó mọ̀, lórí ìgò méjìlá tó la ẹnu sílẹ̀.

Ó dákẹ́ lójijì. Ó wo àwọn ìgò. Kò sí ohun tó yí padà lára wọn.

"Mo gbọ́dọ̀ dà á nù," ó sọ wẹ́lẹ́.

"Gbogbo àwo yẹn? Wákàtí kan àbọ̀ nìyẹn o!" Oona ṣíjú wo aago ara ògiri. "Kerttu, omi lásán ni. Ta ló máa mọ̀?"

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn, "Ta ló máa mọ̀?", ló ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú kòtò. Kerttu fa ìbomú rẹ̀ sókè bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ó dé àwọn ìgò náà. Ó kọ K.V. sára àwo, ó kọ déètì sí i, ó sì gbé e sínú fírísà. Ká má purọ́, ó gbádùn ara rẹ̀ lórí yìnyín lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, Tuulikki pe gbogbo wọn jọ síwájú kọ̀ǹpútà. Kò pariwo. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí kò bá pariwo ni ọ̀rọ̀ tó burú.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn méjìlélógún la ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́jọ́ Ajé. Àmọ́ ènìyàn mẹ́tàlélógún ló jáde."



"Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àlejò kan sì tún wà níbẹ̀, díẹ̀ báyìí. Àlejò kan náà ni nínú gbogbo wọn. Ó tún wà nínú ìgò òfìfo, èyí tá a fi omi nìkan sí, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Omi yẹn ló yẹ kó dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀."

Kerttu sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Díẹ̀ yẹn… ṣé ó lè ṣe nǹkan?"

Raimo ló dá a lóhùn. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun báláú. "Ọmọbìnrin rere, díẹ̀ báyìí náà ni jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí fi ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ó dà bí ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ohùn yẹn là ń tẹ́tí sí níbí. Bí àjèjì bá wá wọlé tóun náà ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, a lè pe ohùn rẹ̀ ní àrùn."

"Ó kù díẹ̀ ká ṣe bẹ́ẹ̀," Tuulikki sọ. "Obìnrin kan wà ní ìlú Iisalmi, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Bí kì í bá ṣe ìgò òfìfo yẹn ni, à bá ti kọ lẹ́tà sí i pé kó máa bọ̀ kíákíá, a ti rí nǹkan lára rẹ̀."

Ta wá ni àjèjì náà? Raimo ló ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ Ajé. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì kan ẹnu àwọn ìgò, tí nǹkan láti ara rẹ̀ fi bọ́ sínú wọn. Láti ìgbà tí òtútù ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò rí i.

"Ó lè jẹ́ èmi," Raimo sọ. Kò fi àwàdà kún un lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí Kerttu lọ bu omi mu, ó gbọ́ táwọn òṣìṣẹ́ méjì ń sọ̀rọ̀ nídìí kọfí. "Ó yẹ kí bàbá yẹn ti kúrò nídìí iṣẹ́ ọwọ́ tipẹ́." "Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni." Bó ṣe ń padà bọ̀, ó rí Raimo níbi tábìlì tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ń tú káàdì orúkọ rẹ̀ kúrò lára tábìlì náà, jẹ́jẹ́, kí ìwé rẹ̀ má bàa ya.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn, Raimo?"

"Mo fẹ́ lọ bá Tuulikki ní aago mẹ́ta. Màá ní kó fún mi ní iṣẹ́ ìwé títí màá fi fẹ̀yìn tì." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwé kì í bínú bọ́wọ́ bá gbọ̀n."

Bàbá yìí ló kọ́ Kerttu bí wọ́n ṣe ń di ohun èlò ìfami mú. Lọ́jọ́ kejì tó débẹ̀, òun ló gé kalakukko, búrẹ́dì tí ìyàwó rẹ̀ yan ẹja sí nínú, fún un, nígbà tó gbàgbé oúnjẹ sílé. Kerttu lọ sídìí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan sí. Ó wá ọjọ́ Ajé. Ó wá àwo omi tí wọ́n lò. K.V., ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́tà méjèèjì tejú mọ́ ọn bí ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ó fa Oona lọ síbi tí wọ́n ń kó kóòtù sí.

"Èmi ni," ó ní. "Omi mi ni."

Ojú Oona là. "O ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín lé e lórí."

"Kerttu, dákẹ́ ná. Ó ku ọjọ́ méjì péré tá a máa lọ. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wa o! Ilé ẹ̀kọ́ á rí i, ìyá ẹ á rí i. Raimo fúnra ẹ̀ ní ó lè jẹ́ òun."

"Torí pé kò mọ̀ ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀."

"O kàn fẹ́ ṣe bí ẹni mímọ́ ni," Oona sọ, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Kerttu dúró láàárín àwọn kóòtù.  Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tí wọ́n fẹ́ gé yìí kò ṣẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́ta lù. Ó rìn lọ sí ọ́fíìsì Tuulikki, ó kanlẹ̀kùn. Raimo ti wà nínú ibẹ̀, ó ti jókòó.

"Ẹ má jẹ́ kó sọ nǹkan tó fẹ́ sọ," Kerttu sọ. "Kì í ṣe òun. Èmi ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, gíláàsì mi ń ṣú, mo fa ìbomú mi wálẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín lórí omi náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dà á nù. Mi ò dà á nù. Mo fẹ́ tètè lọ yọ̀ lórí yìnyín."

 Ìgbà náà ni ohùn mìíràn ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá.

"Èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín." Oona ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. "Èmi náà ni mo ní kó má dà á nù."

Tuulikki yíjú sí Oona. "Kí ló pa á lẹ́rìn-ín tó báyẹn?"

Kò sí bí Oona ṣe fẹ́ ṣe é. Ó sọ ohun tí Raimo sọ nípa yìnyín. Raimo gbọ́ ọ, ó da ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ẹ̀rín ni bàbá ń rín.

Tuulikki kò rẹ́rìn-ín. "Jókòó, Kerttu. Bí o bá ti dà á nù lọ́jọ́ Ẹtì, wákàtí kan àbọ̀ ni ò bá pàdánù. Ní báyìí, ènìyàn méjìlélógún ló ń dúró de èsì wọn fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ènìyàn gidi ni wọ́n o. Ẹni tó ń retí irú lẹ́tà yẹn kì í rí oorun sùn. O gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́," Kerttu sọ. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ó dáa. Pe ìyá ẹ, kó fún wa láyè ká fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ. A ò ní torí pé o jẹ́wọ́ ká wá gbà á bẹ́ẹ̀. Níbí, a máa ń wò ó."

Wọ́n nù ún, wọ́n sì wò ó. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, èsì jáde: Kerttu ni àjèjì náà, láìsí iyèméjì. Ọjọ́ méjì tó kù yẹn ni òun àti Oona fi da gbogbo omi ọ̀sẹ̀ náà nù, tí wọ́n sì fi kún àwọn ìgò mìíràn, tí Raimo jókòó tì wọ́n bí ọlọ́pàá. Òun ló kọ́ Kerttu bí wọ́n ṣe ń fi pálásítà lẹ etí ìbomú mọ́ imú kí gíláàsì má bàa ṣú. "O ò bá ti bi mí láti ọjọ́ kìíní," ó ní. Káàdì orúkọ rẹ̀ ti padà sára tábìlì. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kan pè pé ṣé wọ́n ń bọ̀ lórí yìnyín, Oona ló dáhùn pé rárá o, iṣẹ́ pọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ kejì tí wọ́n gbà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú fírísà, òun ni wọ́n lò. Lọ́tẹ̀ yìí, ènìyàn méjìlélógún ló jáde, omi sì dákẹ́. Ara obìnrin Iisalmi dá ṣáṣá. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i kò gùn: a kò rí nǹkan kan. Bóyá ibi tó ti ń mu kọfí ló ti kà á, kó sì gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa bá ọjọ́ rẹ̀ lọ. Kò sì ní mọ orúkọ Kerttu láé.

Ìwé tí Tuulikki kọ sí ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyá Kerttu kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró.

"'Kerttu rú òfin tó ga jù lọ ní yàrá wa. Kerttu yìí kan náà ló wá sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Bó bá fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, àyè rẹ̀ wà.'" Ó gbójú sókè. "Ṣé wọ́n ń bá ẹ wí ni àbí wọ́n ń yìn ẹ́?"

"Méjèèjì ni, Mọ́mì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ìyá rẹ̀ sọ, ó sì lẹ ìwé náà mọ́ ara fíríìjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, kò sí ọmọ tí kì í ṣàṣìṣe. Ẹni tó bá tètè sọ tirẹ̀, díẹ̀ ni yóò san. Ẹni tó bá dé e mọ́ inú ìgò, ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀ ni yóò mu ún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé "Ta ló máa mọ̀?", ẹ rántí pé ó kéré tán, ẹnì kan mọ̀: ìwọ tó o ṣe é.