Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún tí Ọmọ Alátùpà Fi Ń Sùn

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pàdé, kí n tó mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Ọjọ́ Àìkú ni, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Apá kẹta eré Alátùpà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí a ti ń fojú sọ́nà fún un fún bí ọdún méjì. Bí ẹ ò bá mọ Alátùpà, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àgbàlagbà kan ni, láyé ìgbà tí iná mànàmáná ò tíì dé, tó máa ń gbé àtùpà kiri láti wádìí ọ̀ràn. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gbé. Ọmọ náà ló máa ń ka ìwé fún un, nítorí lẹ́tà kéékèèké ti ń ṣòro fún ojú rẹ̀.

Àwa mẹ́tàdínlógójì la wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, ọ̀rọ̀ Alátùpà nìkan la sì ń sọ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló dá a sílẹ̀, òun náà ni olórí wa, ó sì le bíi pé àwa ni aláìsàn rẹ̀. Orúkọ tó bá wu kálukú ló ń jẹ́. Abẹ́rẹ́ ni tèmi, torí télọ̀ ni mí.

"Ẹkún ti tó. Ta ló pa oníṣòwò iyọ̀ yẹn?" Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́jọ́ náà, bí eré ṣe parí báyìí. "Ẹ má sọ pé ìyàwó ẹ̀ ni o. Ó ti sú mi."

"Ẹ wo kóòtù òkú," ni mo kọ. "Wọ́n fo bọ́tìnì àárín. Ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ wọṣọ kì í fo bọ́tìnì àárín. Ẹlòmíì ló wọ kóòtù yẹn sí i lọ́rùn."

"Abẹ́rẹ́ ti dé nìyẹn," ẹnì kan dá mi lóhùn. "Bí ayé bá parẹ́ lọ́la, bọ́tìnì ló máa jókòó kà."

Ibi tí a ti ń ṣàwàdà ni ohùn kan ti wọlé, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ń jẹ́ Ojú-Bàbá. Láti ọdún kan tó ti wà láàárín wa, kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ń gbọ́ ọ.

"Bàbá, ó ti wọlé," ni ohùn obìnrin kan ń wí, jẹ́jẹ́. "Inú ilé ṣókùnkùn. Ó gbé àtùpà sókè, ó tún rọra gbé e wálẹ̀, bí ẹni tí ò fẹ́ jí òkú. Ó ti kúnlẹ̀. Kò fọwọ́ kan òkú, ilẹ̀ ló fọwọ́ kàn. Ọwọ́ tó fi kan ilẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, Bàbá. Èyí tó fi di àtùpà mú ò gbọ̀n."

Mo fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú ara mi méjèèjì wo ìran yìí tán ni, n ò sì rí i pé ọwọ́ ọkùnrin náà ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó rí i nínú ẹgbẹ́. Fún odindi ìṣẹ́jú mọ́kànlá, gbogbo àwa aláròyé yẹn ò kọ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tó máa ń ba èèyàn níwájú ohun tó ju òye rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá ló pa ohùn náà rẹ́. "Ẹ forí jì mí," ló kọ. "Ọwọ́ mi ló ṣì í tẹ̀. Bàbá mi ò ríran mọ́. Èmi ni mo máa ń sọ eré fún wọn bó ṣe ń lọ, mo sì máa ń gba díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè tún un gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀."

"Má tọrọ àforíjì," Nọ́ọ̀sì kọ. "Ìsinsìnyí ni èmi gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ wo eré yẹn."

Mo kọ̀wé sí i lọ́tọ̀. N ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo dàgbà sí. Ohun tí mo kọ ò ju báyìí lọ: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kóòtù Alátùpà dúdú. Kò dúdú, àrán ni, àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn."

"Nínú gbogbo ohun tí mo sọ," ló dá mi lóhùn, "kóòtù lẹ rí mú?"

"Gbogbo yòókù ló pé. Ìdí nìyẹn tí ti kóòtù fi dùn mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀rín náà ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ ọ bí ẹ̀ẹ̀mẹfà kí n tó padà sídìí iṣẹ́.

Ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tún ìwé tó ti ya dì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìwé àwòrán aṣọ tí ọ̀gá mi fi sílẹ̀ fún mi lọ bá a, ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí pátápátá. Yàrá tóóró kan ni, fèrèsé kan, tábìlì gígùn kan, ike gọ́ọ̀mù mẹ́ta. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọn níka. Ó gba ìwé náà bí ẹni gba ọmọ ọwọ́, ó ṣí i, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ta ló fi téèpù lẹ èyí?"

"Èmi ni."

"Kí Ọlọ́run dárí jì yín," ló wí, kò sì rẹ́rìn-ín rárá.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lọ́kàn, n ò ní purọ́ fún yín. Mo jókòó, mo ń wò ó bó ṣe fi abẹ́rẹ́ ńlá kan rán àwọn ojú ìwé náà pọ̀ mọ́ra lẹ́yọ lẹ́yọ. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa ń rán ìwé. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mò ń bá a jẹun ọ̀sán, títí a fi gbàgbé láti máa pe ara wa ní "ẹ".

Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ́ jáde. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Ó dá abẹ́rẹ́ dúró. "Mo fẹ́ràn rẹ, Abẹ́rẹ́ mi. Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ tó ń dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n o mọ orúkọ mi. Ojú kì í fi orí sílẹ̀ lọ gbé ibòmíì."

"Ṣé wọ́n ní kí o má lọ ni?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ rí, wọn ò sì ní sọ ọ́ láé. Ohun tí n ò ṣe lè béèrè nìyẹn."

Mo sọ fún ìyá mi nílé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n fẹ́yàwó, mo rò pé wọ́n máa yọ̀.

"Ọmọ tó ń ṣe báyìí fún bàbá ẹ̀, ọmọ gidi ni," ni wọ́n wí. "Àmọ́ tí o bá gba ojú ẹni lọ́wọ́ ẹni, kí lo fẹ́ fi dípò ẹ̀? Lọ rí bàbá náà ná."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ilé wọn lọ́jọ́ Àìkú kẹfà, nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù. Ojú-Bàbá ti kìlọ̀ fún mi: "Ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ ni ọ́ o. Má mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì."

Kápẹ́ńtà ni bàbá rẹ̀ kí ojú tó bàjẹ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe ilẹ̀kùn tí mo gbà wọlé, ó wúwo, ó sì ń pa dé bí ẹni ń mí. Wọ́n jókòó gbọn-in sórí àga, wọ́n gbọ́ ìkíni mi, wọ́n sì ní kí n jókòó.

"Télọ̀ ni ọ́," ni wọ́n wí.

Mo wo ọmọ wọn. Ó mi orí pé òun ò sọ fún wọn.

"Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga yẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ wúwo ju òsì lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ lo ń lò, o sì ti ń lò ó tipẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi ti kó tèmi lọ sínú etí."

Ẹnu yà mí débi pé mo jókòó lé fìlà ara mi. Mo ní lọ́kàn mi pé Alátùpà nìyí, òun gan-an, nínú yàrá kan tó ní kọ́tìnì aláwọ̀ búlúù.

Ọmọ wọn bu omi fún mi. Ọ̀rọ̀ eré ni a ń sọ, ó sì ń dùn, ara mi wá balẹ̀. Bàbá ní, "Láti ìgbà tí apá kẹta yìí ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló wọ̀ ọ́ lára jù?"

"Ìparí ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, sà," ni mo fọkàn balẹ̀ dáhùn. "Níbi tí ọmọ Alátùpà ti ń lọ sílé ọkọ, tí bàbá rẹ̀ ń bá a de bọ́tìnì kóòtù lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló sunkún."

Ife kan dún lórí àwo. Mo wo ojú ọmọ wọn, mo sì mọ̀ pé ẹnu mi ti kó bá mi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ìran náà, ohùn dùùrù nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tó bá ní òun rí nìkan ni bàbá rẹ̀ lè mọ̀. Ó sì ti sọ fún wọn lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, pé Alátùpà jókòó sídìí fèrèsé, ó ń ronú.

"Ilé ọkọ?" Bàbá wí.

"Mo fò ó ni, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

"Ọmọ náà ò kú?"

"Kú? Kò kú o, Bàbá."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé inú ń bí wọn ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni, ẹkún sì wà nínú rẹ̀.

"Ogójì ọdún ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn," ni wọ́n wí. "Ilẹ̀kùn ilé Alátùpà yẹn, mo mọ ohùn ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó ṣí, ó pẹ́, ó wá pa dé. Láti ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ẹnì kan péré ni mò ń gbọ́ lórí àtẹ̀gùn wọn. Tí mo bá béèrè ọmọ náà, o ní ó ń sùn. Ọmọ wo ló ń sùn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún? Mo ní wọ́n ti gbé òkú ẹ̀ jáde, o wá ń fi pa mọ́ fún mi kí ọkàn mi má bàa bàjẹ́. Mo ti ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ ọlọ́mọ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mi ò sì lè sọ ọ́, kí o má bàa mọ̀ pé mo mọ̀."

Ọmọ wọn ti kúnlẹ̀ tì wọ́n.

"Ilé ọkọ ló lọ," Bàbá tún wí, bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ padà fún. "Ilé ọkọ lásán."

Wọ́n nu ojú. "Kí ló dé tí o fò ó?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé èmi náà máa lọ."

"Ṣé o fẹ́ lọ?"

Ó gbé orí lé orúnkún wọn. Mo gbé ife omi mi sẹ́nu. Bàbá wá ọwọ́ rẹ̀ rí, wọ́n dì í mú.

"Ó dáa. Sọ ìran yẹn fún mi. Ibi tí o ti fò ó ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ àti ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó ń dúró nínú òjò. Ó ní Alátùpà gbé àtùpà rẹ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè de bọ́tìnì. Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀.

"Má dúró," Bàbá wí. "Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?"

Ọkọ inú eré náà, sójà ni, ó ga, ó ní irùmú. Ọmọ wọn gbójú sókè, èmi ló ń wò.

"Kò ga púpọ̀, Bàbá. Òwú funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn lápá, kò sì mọ̀. Ó di ife mú. Omi inú ẹ̀ ti tán tipẹ́, ó ṣì ń mu ún. Ẹ̀rù ń bà á. Ojú ẹ̀ dáa, Bàbá. Ojú ẹ̀ dáa gan-an."

Mo gbé ife náà kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ńkọ́?" Bàbá béèrè. "Ṣé ó wúwo ju òsì lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Wọ́n yíjú sí ọ̀dọ̀ mi. "Télọ̀, ṣé o mọ eré sọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Aṣọ nìkan ni mo mọ̀."

"O máa kọ́ ọ ni. Aago mẹ́rin ti lù. Ó yá, bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Fún wákàtí kan gbáko, ọ̀rọ̀ kọ́là àti àpò aṣọ ni Bàbá gbọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n mú apààyàn, n ò tilẹ̀ rántí sọ ọ́, torí pé mo ń sọ bí wọ́n ṣe rán ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà la ṣègbéyàwó. Mo ti gba yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé tí Bàbá ń gbé, ìyá mi ló rìn kiri títí tí wọ́n fi rí i. Èmi ni mo rán kóòtù tí ìyàwó mi wọ̀, àrán, àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má de bọ́tìnì àárín.

Lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá fi ìka wá a láti ọrùn wálẹ̀, bọ́tìnì kan, bọ́tìnì kejì. Wọ́n dúró.

"Télọ̀ yìí fo ọ̀kan."

"Kò fò ó, Bàbá," ni ìyàwó mi wí. "Tiyín ni."

Bàbá de é. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó wọlé, a ò sì bá wọn fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí a jáde, mo na ọwọ́ láti ti ilẹ̀kùn.

"Má tì í," Bàbá wí. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ yín dé ìsàlẹ̀."

A rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ mi. Lórí gbogbo àtẹ̀gùn ni mo ti ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ dáadáa.