Iná Tí Kíákíá Tàn

Kíákíá ń nu dígí iná ńlá tó wà níwájú ọkọ̀ òfuurufú wọn, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, nígbà tí yàrá iná tó wà ṣàdédé ṣú. Ó rò pé òkúta ńlá kan ló ń fò kọjá lójú fèrèsé, torí òkúta kò wọ́n níbi tí wọ́n ń gbà kọjá láàárín ìràwọ̀. Ó gbójú sókè. Àkísà ọwọ́ rẹ̀ jábọ́.

Ọkọ̀ ni. Àmọ́ kì í ṣe ọkọ̀ tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ó gùn ju tiwọn lọ fíìfíì, ó dúdú, ó ń dán bí òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odò. Kò ní fèrèsé, kò ní nọ́ńbà lára, kò sì sí ojú ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ó kàn dúró sójú kan, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn.

"Aláròyé," ni Kíákíá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "wá wo nǹkan."

Aláròyé, ọmọ ẹnjiníà, jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni àwọn méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Bí ó ti wo ìta báyìí, búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ kò lọ sísàlẹ̀, kò sì bọ́ síta. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ kódà tó bá ń sùn wá di odi.

Omi ni ọkọ̀ wọn ń gbé láti ibi tó ti pọ̀ lọ sí ibi tí kò ti sí, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn. Iṣẹ́ iná ni Kíákíá ń kọ́. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ wẹ́dà tó ń jó irin ọkọ̀, ló sọ ọ́ ní Kíákíá, torí pé kò tíì mọ ìrìn í rìn tó ti ń sáré. Òfin tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ nídìí iná kò gùn rárá: ohunkóhun tí o kò bá mọ̀, má tan iná sí i, kọ́kọ́ sọ fún Màmá Ọkọ̀. Màmá Ọkọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pe ọ̀gá ọkọ̀ náà, obìnrin kan tí kì í pariwo, tí gbogbo ènìyàn sì ń bẹ̀rù.

Kíákíá na ọwọ́ sí wáyàlẹ́ẹ̀sì ara ògiri. "Jẹ́ kí n pe Màmá."

"Dúró ná!" Aláròyé ti gbé búrẹ́dì mì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tó o bá pè wọ́n, wọ́n á ní ká bọ́ síta. Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní awakọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Àbí o ti gbàgbé ọ̀rọ̀ páìpù?"

Kíákíá kò gbàgbé. Òun ló rí páìpù kan tó ń jò nígbà kan, awakọ̀ ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara.

"Ṣáà kí i," ni Aláròyé wí. "Tan iná sí i, kó o pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré. Kí ló burú nínú ká kí àlejò? Àwa la máa kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀!"

"Tí wọ́n bá wá bínú ńkọ́?"

"Háà, ojo! Èmi ì bá ti tàn án tipẹ́."

Ọ̀rọ̀ ojo yẹn ló gún un. Kíákíá tẹ bọ́tìnnì iná ńlá náà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Aláròyé ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Lójijì ni ọkọ̀ dúdú náà dá wọn lóhùn.

Ìmọ́lẹ̀ tó jáde lára rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ó wọ inú yàrá bí ìgbà tí ilé gbiná, ògiri di funfun, ilẹ̀ di funfun. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ṣubú lulẹ̀, wọ́n fọwọ́ bojú, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rí i. Ó tàn, ó kú. Ó tàn, ó kú. Ó tàn lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́. Dígí fèrèsé yàrá iná nípọn, ó sì ní àwọ̀ dúdú. Ohun tó gba ojú wọn là nìyẹn.

Ohùn kan bú jáde nínú wáyàlẹ́ẹ̀sì.

"Ojú mi! Ẹ gbà mí o, ojú mi!"

Ohùn bàbá Kíákíá ni. Bàbá ti wọ aṣọ ìta jáde láti òwúrọ̀, ó ń jó ibi tó sán lẹ́yìn ọkọ̀. Ó sì sọ fún un kó tó jáde! Kò rántí. Láti ìgbà tó ti rí àlejò yẹn, kò rántí ẹnikẹ́ni àfi ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa fa bàbá náà wọlé, gbogbo ọkọ̀ ti dàrú. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà sì fi aṣọ funfun di ojú rẹ̀ méjèèjì. Bàbá ní òun ṣí dígí dúdú tó bo ojú òun ni, kí òun lè wo ohun tó síji bo òun. Àfi gbàà!

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ni bàbá béèrè, ó ń na ọwọ́ káàkiri. "Ṣé ọmọ mi ni?"

Kíákíá fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ti bàbá. Aláròyé, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, já a léèékánná lápá. "Má sọ nǹkan kan o," ni ó sọ sí i létí. "Kò sẹ́ni tó rí wa."

Ìgbà náà ni ohùn awakọ̀ gba gbogbo ọkọ̀ kan: "Ọ̀tá ló kọlù wá o! Kí kálukú di nǹkan mú. A fẹ́ yìnbọn."

Ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta lójú ọ̀nà ni awakọ̀ ń wí. Bí ó bá ba òkúta tó tó ilé, lúbúlúbú ni. Kíákíá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú ọwọ́ bàbá, ó sì fi eré sí i. Kò gbọ́ ohun tí Aláròyé ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

Ó já wọ yàrá awakọ̀. Ọwọ́ awakọ̀ ti wà lórí ìbọn. Màmá Ọkọ̀ dúró tì í, ó ń wo ọkọ̀ dúdú náà.

"Ẹ má yìn ín, Màmá!" Ó wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì. "Èmi ni! Èmi ni mo kọ́kọ́ tan iná sí i."

Awakọ̀ yíjú sí i, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí ìbọn.

"Irọ́ ni," ni awakọ̀ wí. "Wọ́n fẹ́ fọ́ wa lójú kí wọ́n tó wọlé wá bá wa ni."

Màmá Ọkọ̀ kò wo awakọ̀. "Ẹ̀ẹ̀mélòó lo tàn án?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Màmá."

"Awakọ̀, ẹ̀ẹ̀mélòó ni tiwọn?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta." Ọwọ́ awakọ̀ kúrò lórí ìbọn bí ẹni pé irin náà gbóná.

Màmá Ọkọ̀ ní kí wọ́n fi aṣọ nínípọn bo iná ńlá náà, kí gbogbo ènìyàn fọwọ́ bojú, kí wọ́n sì tàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fírí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ dúdú náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ti àbẹ́là lọ.

"Wọ́n ń kí wa ni," ni Màmá Ọkọ̀ wí. "A kí wọn, wọ́n jẹ́ wa."

Kí wọ́n tó mí, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà là bí ìpéǹpéjú. Ènìyàn kọ́ ni wọ́n rí níbẹ̀, ẹranko kọ́. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ga, ara wọn ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ẹ̀yinná. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí ìta dáadáa. Èyí tó ga jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó gbé kékeré kan sókè, ó fi í léjìká kí òun náà lè ríran.

Awakọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. "Ọmọ ni," ni ó wí. "Wọ́n gbé ọmọ dání. Èmi sì ti fẹ́..." Kò parí rẹ̀. Ó bú sẹ́kún níṣojú gbogbo wọn.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà pa dé. Ó yí padà jẹ́jẹ́, ó sì bọ́ sínú òkùnkùn.

Ojú òsì bàbá Kíákíá là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti ọ̀tún kò là mọ́. Nígbà tí Màmá Ọkọ̀ gbọ́ ipa tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó, ó yọ Kíákíá kúrò nídìí iná, ó ní kí òun àti Aláròyé máa fọ ìkòkò ilé ìdáná títí ìrìn àjò yóò fi parí. Aláròyé wá bẹ bàbá náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ ojú bàbá, ó wo ọmọ rẹ̀ tìtì.

"Ó dùn mí," ni ó wí. "Mi ò ní tàn ọ́ pé kò dùn mí. Iṣẹ́ wẹ́dà pẹ̀lú ojú kan, kò rọrùn."

"Bàámi, ẹ má bínú."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ká ní o gbé ẹnu dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò ní lè fi ojú tó kù yìí wò ọ́."

Ohun tó yẹ kí ọ̀dọ́ tó gbọ́ ìtàn yìí mú lọ nìyí: bí ọ̀rẹ́ bá pè ọ́ ní ojo torí pé o fẹ́ pa òfin mọ́, jẹ́ kó máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹlòmíràn tí o kò rí lè wà lóde tí òfin náà ń dáàbò bò. Bí o bá sì ti ṣe àṣìṣe, jẹ́wọ́ rẹ̀ kó tó gba ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ìjẹ́wọ́ kò dá ojú bàbá Kíákíá padà. Àmọ́ ọmọ àlejò kan tí Kíákíá kò mọ orúkọ rẹ̀, tí kò sì ní rí mọ́ láéláé, padà délé láàyè.