Ìṣù Ìrẹsì Orí Afárá

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ọ̀pá ìdarí apá kejì ẹ̀rọ géèmù wa kọ́kọ́ mì, kò sì sí ẹnì kankan lórí àga ibẹ̀. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, torí wàhálà tó wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà ti tó mi í jẹ.

Géèmù wa la gbé wá sí gbọ̀ngàn ìṣeré kan l'Ósákà kí àwọn èèyàn dán an wò. Ẹni méjì ló ń gbá a pọ̀, wọ́n á jọ máa lu àwọn jàǹdùkú láti ìgboro títí dé etíkun. Ọdún kan ààbọ̀ la fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníbàárà bá ti dé orí afárá inú rẹ̀, àwòrán á dì gbagidi, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Murase ọ̀gá wa ò pariwo, ó kàn sún mọ́ mi.

"Kamei, tílẹ̀ bá ṣú tó ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é, a ó pa á tì nìyẹn."

Ẹni tí ìbá mọ̀ ọ́n ni ẹ̀gbọ́n Shigeta, tó kọ́ mi níṣẹ́. Inú oṣù kẹfà ni ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó kú. Ọ̀sẹ̀ Obon la sì wà, tí àwọn òkú ń padà wá kí ilé. Orihara, obìnrin tó ya àwòrán wa, ti gún igi ìṣáná mẹ́rin mọ́ kùkúḿbà bí ẹsẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀rọ, kí ẹ̀gbọ́n lè rí ẹṣin gùn wá.

"Ẹṣin yìí arọ ni," mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀gbọ́n á fẹsẹ̀ rìn ni."

"Ẹ fi ẹṣin mi sílẹ̀, bọ̀dá Kamei. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbá a."

Mo jókòó. Kí n tó tẹ nǹkan kan, òṣèré kejì ti yọ lójú ẹ̀rọ. Ọ̀pá ń yí, bọ́tìnnì ń wọlé, ó ń jáde, àga ṣófo. Mo fẹ́ dìde. Orihara di èjìká mi mú.

"Ẹ má dìde," ó sọ jẹ́jẹ́.

A jà dé orí afárá. Jàǹdùkú kan ṣubú, ìṣù ìrẹsì tó ń dá agbára padà bọ́ lára rẹ̀. Òṣèré kejì sáré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fò lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń pè mí wá wo àṣìṣe nígbà ayé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo lọ. A jọ mú ìṣù náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ dì.

Ó yé mi wàyí. Ẹ̀gbọ́n kì í fi àga kejì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí a bá ń dán an wò, kì í sì í jẹ oúnjẹ kankan nínú géèmù. "Ẹ̀yin ọmọdé lebi ń pa," ni yóò wí. Nítorí náà, a ò rí i rí kí ẹni méjì mú ìṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníbàárà ò sì ní sùúrù fún ara wọn. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tí yóò fún.

Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì, mo tún apá ibẹ̀ kọ nínú géèmù, mo sì gbé e padà sínú ẹ̀rọ. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, èrò ti tò débi ilẹ̀kùn. Murase ra omi dídì aládùn fún gbogbo wa, èmi sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ara tù mí bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀.

Nígbà tí èrò dín kù, mo tún jókòó. Ọ̀pá kejì mì. Lórí afárá, ìṣù ìrẹsì bọ́, òṣèré kejì sì sún sẹ́yìn fún mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n," mo sọ jẹ́jẹ́. "Ó ti dáa."

Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó wá rìn lọ síbẹ̀, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kò mira mọ́.

Mo na ọwọ́ sí ọ̀pá náà. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.