Eyín Tí Òwú Jẹ

"Mùtíátù, jọ̀ọ́, ṣe ìyá àgbà yín fún wa!"

Létí odò ni Ìyápọ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń ṣan òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró. Gbogbo Ìsẹ́yìn ló mọ̀ pé kò sí ẹni tí Mùtíátù kò lè sín jẹ. Bí ó bá ṣe Àsánì bàbá rẹ̀, bí ó ṣe máa ń tòògbé lójú òfì tí yóò sì ta jí bí ẹni tí agbọ́n ta, ìhà yóò dùn ọ́ fún ẹ̀rín. Ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ni kò sín jẹ rí, nítorí ìyá náà ló tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ìyá tó bí i ti kú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ìyápọ̀ tún wí. "Ẹ̀rù ń bà á. Ọmọ ìyá àgbà ni!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ká Mùtíátù lára. Kí n má tàn yín, ọ̀pọ̀ ìwà tí kò bójú mu ni ọmọ ènìyàn ń hù kìkì nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀. Mùtíátù fa ètè méjèèjì wọnú, ó ti àgbọ̀n síwájú, ó wọ́ ọ sí apá òsì, ó wá ń pe oríkì ara rẹ̀ bí ìyá àgbà ṣe máa ń pè é, bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀: "Àwẹ̀ró... gbé òwú... wá..."

Àwọn ọmọbìnrin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Lójijì, ẹ̀rín dá. Mùtíátù bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyá àgbà rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú ẹ̀kọ tó gbé wá fún un, kí ebi má baà pa á létí odò. Ìyá náà kò bínú. Ó rọra gbé ẹ̀kọ lé orí òkúta, ó fa ìborùn bo ẹnu, ó sì yí padà sílé.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, Ẹfúnróyè, ìyá àgbà Mùtíátù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Àsánì, kò la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá kí i, yóò mi orí. Bí ẹ bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, yóò fi ọwọ́ júwe. Tẹ́lẹ̀ náà, kò lè jẹ ohun tó le, nítorí eyín rẹ̀ ti jẹ títí ó fi kù díẹ̀ kó dé èrìgì. Ọ̀rọ̀ sísọ ló kù tó ń fi ẹnu náà ṣe, Mùtíátù sì ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀ràn náà kò mọ sí àárín ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìkan. Ọdún tí ó ṣáájú ogun Jámánì ni, Sàfúrátù, ẹ̀gbọ́n Mùtíátù, sì ń múra àtilọ sílé ọkọ. Ìyá Àsánì nìkan ló kù nínú agbo ilé náà tó mọ ẹkún ìyàwó wọn látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú oríkì gbogbo bàbá tó ti hunṣọ níbẹ̀. Òun ló kọ́ gbogbo ìyàwó tó ti ibẹ̀ jáde. Ta ni yóò wá kọ́ Sàfúrátù? Ọmọ náà ń sunkún kí ọjọ́ ẹkún tó pé!

Mùtíátù kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà fọwọ́ pa á lórí, ó sì tún fa ìborùn bo ẹnu. Ọwọ́ yẹn dun Mùtíátù ju pàṣán lọ.

Àsìkò yìí ni Olúwaṣọlá gun kẹ̀kẹ́ ológere wọ ìlú. Ọmọ Èkó ni, ṣùgbọ́n Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Ó wá kí Àsánì bá a hun sányán tí yóò fi gbéyàwó, yóò sì lo gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ àwọn ará ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó kan l'Ékòó ni títún eyín ṣe.

Àsánì na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀ tó fi ìborùn bo ẹnu. "Bí o bá lè ṣe èyí, ọmọ mi, iṣẹ́ kan ń bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Èmi náà á hun ti ìyàwó rẹ mọ́ tìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ṣùgbọ́n ìyá kò la ẹnu. Olúwaṣọlá bẹ̀ ẹ́, Àsánì bẹ̀ ẹ́, ó mi orí. Ni Mùtíátù bá jókòó tì í.

"Ìyá àgbà, ẹnu mi ló pa yín lẹ́nu mọ́. Tí ẹ kò bá la ẹnu yín, èmi náà ti pa tèmi dé nìyẹn."

Ó sì pa á dé lóòótọ́. Ẹ gbọ́, kí ọmọ tó máa ń bá ewúrẹ́ jiyàn dákẹ́! Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tí kò sọ̀rọ̀, tí kò sì jẹun, ìyá àgbà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Àwẹ̀ró!" ló kígbe láti inú ìborùn. "Sọ̀rọ̀ o! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ la ẹnu fún oníṣègùn eyín," ni Mùtíátù wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Àsánì la ẹnu. Olúwaṣọlá wo inú rẹ̀ títí. "Ìyá, kí ni ẹ fi eyín yín ṣe?"

Ìyá mú òwú tó ń ran, ó fà á gba àárín eyín kí ó lè jọ̀lọ̀, ó sì já a, tú! "Ohun tí mo fi ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Òwú tí mo já ni Àsánì ń hun, òun la tà, òun la fi jẹun. Òun la fi ra oògùn nígbà tí ìgbóná mú Àwẹ̀ró."

Mùtíátù wo aṣọ tó wà lára rẹ̀. Kò sí fọ́nrán òwú kan níbẹ̀ tí kò gba ẹnu tí òun fi ṣe yẹ̀yẹ́ kọjá. Ojú tì í, kò mọ ibi tí yóò fi ara sí.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Olúwaṣọlá fún ìyá ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ó dunni, ó yọ àwọn tó ti jẹrà, ó sì ní sùúrù kí èrìgì jiná. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó fi ha àwọn kùkùté eyín tó ṣì lágbára. "Yéè! Òfì ni ọmọ yìí gbé sí mi lẹ́nu!" ni ìyá wí, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó rọ ìda oyin nínú omi gbígbóná, ó fi sí i lẹ́nu, ó ní kí ó fi eyín dì í mú, kí òun lè mọ bí òkè ṣe ń pàdé ìsàlẹ̀. Wúrà ló fi dé àwọn kùkùté iwájú. Tánganran ló fi ṣe èyí tó kù, ó tò wọ́n sínú rọ́bà pupa bí èrìgì.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kó wọn sí ìyá lẹ́nu, wọn kò bára mu. Apá kan ń gbá ara wọn, kọ́tọ́kọ́tọ́. Apá kejì kò kanra rárá. Ó tún ìda ṣe, ó tún eyín ṣe, ibì kan náà ni. Ìgbéyàwó Sàfúrátù sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Àsánì yọ tánganran náà, ó dì í sínú gèlè. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ẹnu arúgbó ni, kò gba ọ̀ṣọ́ mọ́." Ó tún na ọwọ́ sí ìborùn.

Mùtíátù ń wò ó. Ẹni tó mọ ènìyàn sín jẹ, ojú rẹ̀ kì í sùn. Ó ti rí i pé nígbà tí ìyá ń di ìda mú, bí ẹni ń já òwú ló ṣe: ó ti àgbọ̀n síwájú, ó wọ́ ọ sí òsì. Tó bá ń gbé itọ́ mì, àgbọ̀n náà kì í sí níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fi hàn wọ́n? Àfi kó tún ṣe ohun tó ṣe létí odò, lójú ìyá àgbà fúnra rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ dárí jì mí," ló wí, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ wò mí. Báyìí ni ẹ ṣe ń já òwú." Ó ti àgbọ̀n síwájú, ó wọ́ ọ sí òsì. "Báyìí ni ẹ sì ṣe rí tí ẹ bá ń gbé itọ́ mì." Ó dá àgbọ̀n padà, ó pa á dé jẹ́jẹ́.

Ìyá Àsánì tẹjú mọ́ ọn. Ìgbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó gbá itan rẹ̀. "Ọmọ burúkú! Ṣé bí mo ṣe rí nìyẹn? Èmi nìyẹn, dájúdájú!"

Olúwaṣọlá ti ń rọ ìda. "Ìyá, ẹ gbàgbé òwú. Ẹ kàn gbé itọ́ mì fún mi." Ìyá gbé itọ́ mì. Eyín tí ó ṣe lọ́tẹ̀ yìí pàdé ara wọn bí ọmọrí ṣe ń pàdé ìkòkò. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Sàfúrátù ní ẹkún ìyàwó.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀ ẹkún tí ìyá àgbà kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹkún gidi gba ohùn mọ́ ọn lọ́nà. Ìyá Àsánì gbà á láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ já gaara:

"Sàfúrátù, ọmọ Àsánì, nu ojú rẹ nù,
Ọmọ òwú funfun tí í di ẹ̀wù ọlọ́lá,
Ọmọ òfì tí í bo ará ilé, tí í bo àlejò,
Ilé tí ò ń lọ, kó bá ọ mu bí aṣọ tí a hun fún ni."

Ọ̀rọ̀ kan kò fò nínú rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín, wúrà tàn, Ìyápọ̀ sì fọwọ́ bo ẹnu fún ìyanu.

"Mùtíátù, ṣe ìyá àgbà yín fún wa bó ṣe ń kọrin yẹn," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bi í léèrè ná," ni Mùtíátù dáhùn. "Tó bá gbà, iwájú rẹ̀ ni màá ti ṣe é." Láti ọjọ́ náà, ọ̀bẹ kékeré kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀; òun ló ń bá ìyá àgbà gé òwú, kí eyín tuntun náà lè pẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo àwọn àgbà yín dáadáa kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn tó tẹ̀, ọwọ́ tó le, eyín tó jẹ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé nítorí yín ni. Ẹ má sì ṣe lẹ́yìn ẹni ohun tí ẹ kò lè ṣe lójú rẹ̀. Olúwaṣọlá mọ bí a ṣe ń fi tánganran rọ́pò eyín, ṣùgbọ́n kò ní irinṣẹ́ kankan tó lè fi dá ọ̀rọ̀ padà sí ẹnu tó ti sọ ọ́.